Ariwo Wo Ni Ká Gbà? Lámèyítọ́ lórí Marantz Model 7

Lọ́dún 1958, ilé-iṣẹ́ Saul Marantz ní New York gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Model 7. Preamplifier ni: àárín giramafóònù àti amúpílífáyà ńlá ni ipò rẹ̀. Ohùn tín-ń-tín tó ń ti orí abẹ́rẹ́ bọ̀ ló ń gbà. Á fún un lágbára, á tún un tò, kó tó fà á lé amúpílífáyà tó ń ti sípíkà lọ́wọ́. Kò sí tiransísítọ̀ kan tó ń dá sí iṣẹ́ yìí. Fáàfù mẹ́fà, ìyẹn àwọn gílóòbù onígíláàsì tó máa ń pọ́n yòò nínú rédíò àtijọ́, ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Irú kan náà sì ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: 12AX7, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ECC83.

Ó ti lé ní 60 ọdún tí Model 7 ti dé, síbẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn àwo orin. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú òde òní kì í pariwo tó o, pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ lásán ló ń da àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ láàmú. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n tí kò tọ́ ni ìhà méjèèjì ń lò. Ohun tó yẹ ká bi irú iṣẹ́ yìí ni pé: ariwo wo ló gbà láàyè, ariwo wo ló kọ̀, kí ló sì rí gbà dípò èyí tó gbà láàyè? Bí a bá fi ìbéèrè yìí wò ó, iṣẹ́ àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni Model 7, àmọ́ agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ.

Iṣẹ́ ayàwòrán ìpolówó ọjà ni Saul Marantz ń ṣe kó tó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo kò tíì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń gé orin sójú àwo. Ọ̀tọ̀ ni ti Columbia, ọ̀tọ̀ ni ti RCA. Marantz ṣe ẹ̀rọ kan tó lè bá gbogbo wọn mu, ó sọ ọ́ ní Audio Consolette. Orí ẹ̀rọ yẹn ló gbé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lé ní 1953. Nígbà tí àwo stereo dé ọjà, tí orin di ọ̀nà méjì nínú ìlà kan ṣoṣo, òun àti ẹnjiníà rẹ̀, Sidney Smith, tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni Model 7.

Kí a tó lè dá iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́, ó yẹ ká mọ bí ẹrù tí wọ́n gbé ti wúwo tó. Ní 1954, RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ní Amẹ́ríkà, fi ìlànà kan lélẹ̀ fún gbogbo ọjà. Nígbà tí a bá ń gé àwo, a máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, kí ìlà má baà máa fì débi tí yóò fi wọnú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A sì máa ń gbé ohùn òkè ga, kí ó lè borí ariwo ara àwo. Ẹ̀rọ tó ń gba orin náà ní láti yí gbogbo èyí padà. Tí a bá fi ohùn àárín, 1,000 Hz, ṣe ìwọ̀n, ó ní láti gbé ohùn 20 Hz sókè ní nǹkan bíi 20 dB, kó sì tẹ ohùn 20,000 Hz mọ́lẹ̀ ní iye kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè jẹ́ nǹkan bíi 40 dB, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 100.

Ìlànà yìí kì í ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Ohunkóhun tí fáàfù àkọ́kọ́ bá fi kún ohùn, abẹ́ ìlànà kan náà ni yóò gbà kọjá. Hùùù iná mànàmáná, tó jẹ́ 60 Hz ní Amẹ́ríkà àti 50 Hz nílé wa, wà ní ìsàlẹ̀. Yóò sì di ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje bí a bá fi wé ohùn àárín. Ṣíííì tí fáàfù ń ṣe wà lókè. A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò rọ̀, kò sì ní gún etí mọ́. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ yìí fi lè pa ṣíííì rẹ̀ mọ́ lọ́nà tó rọrùn, àmọ́ tí hùùù tó kéré jọjọ á tú àṣírí rẹ̀ síta.

Ohùn tó ń wọlé náà kò tó nǹkan. Orí abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ń mì nínú rẹ̀ tí a ń pè ní MM, kì í mú ju nǹkan bíi 5 mílífóòtì wá nígbà tí orin bá dún déédéé. Ìdá kan nínú 200 fóòtì kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po 100 ní ohùn àárín, àti nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ní 20 Hz. Ohunkóhun tó bá mì níbi tí ohùn ti ń wọlé, ìlọ́po yẹn náà ni yóò dà kó tó dé etí wa.

Ibo wá ni ariwo ti ń wá? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ooru. Níwọ̀n ìgbà tí ooru bá wà lára résísítọ̀, ẹ̀lẹ́kítíróònù inú rẹ̀ kì í sinmi, àìsinmi wọn yìí sì ni ariwo. J. B. Johnson àti Harry Nyquist ní Bell Labs ló fi ìwọ̀n àti ìṣirò hàn án fáyé ní 1928. Ti èkejì, Walter Schottky ará Jámánì ló là á yé wa ní 1918: àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù tó ń kúrò lórí kátóòdù fáàfù kì í tú jáde pọ̀ bí omi; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́, bíbọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń pọ̀ sí i bí ohùn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ojú kátóòdù fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, ó sì yàtọ̀ láti fáàfù kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Bí a ṣe lè ṣe ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Fáàfù tó ń gbóná tí kì í ṣe ṣíííì rárá kò sí láyé yìí. Ohun tó kù sọ́wọ́ oníṣẹ́ ni láti mọ ibi tí yóò fi í sí.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n Smith ti kọ́kọ́ hàn. Ìpele àkọ́kọ́ ló ń pinnu ariwo gbogbo ẹ̀rọ, nítorí ìgbà tí ohùn bá fi dé ìpele kejì, ó ti tóbi débi pé ariwo ibẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Agbára ìsọdipúpọ̀ 12AX7 jẹ́ 100 nínú ìwé. Tí wọ́n bá lò ó nínú ẹ̀rọ gidi, ó ṣì ń mú ìlọ́po 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wá ní ìpele kan. Èyí túmọ̀ sí pé ìpele kan ṣoṣo ló ń jà fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Model 7. Fáàfù Telefunken láti Jámánì ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ibi kan ṣoṣo tí ogun wà ni kí a kó akíkanjú lọ.

Àwọn kan máa ń ṣàtakò níbí pé 12AX7 kọ́ ni fáàfù tí ariwo rẹ̀ kéré jù. Wọn kò purọ́. Fáàfù mìíràn, E88CC, ń fa nǹkan bíi 12.5 mílíámípù fún fóòtì kan, 12AX7 kò sì ju 1.6 lọ, bí ìwọ̀n yìí bá sì ṣe ga tó ni ariwo fáàfù ṣe ń dín kù. Nínú ìṣirò, ariwo E88CC kò ju ti résísítọ̀ 200 ohm lọ, nígbà tí ti 12AX7 sún mọ́ 1,500. Àmọ́ ìṣirò yìí kò ka ohun tí a so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Wáyà inú orí abẹ́rẹ́ MM lè ju 1,000 ohm lọ fúnra rẹ̀, ó ń dí ohùn òkè lọ́nà, résísítọ̀ 47,000 ohm tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń pàdé rẹ̀ sì ń pariwo tirẹ̀ náà. Nígbà tí gbogbo wọn bá pé, ohun tó ṣẹ́ kù nínú èrè E88CC kò pọ̀ mọ́. Síwájú sí i, ìsọdipúpọ̀ E88CC kò ju 33 lọ, nítorí náà ẹni tó bá lò ó ní láti wá ìpele kún un. Fún orí abẹ́rẹ́ ọjọ́ wọn, ohun tó tọ́ ni Marantz àti Smith yàn.

Ohun kejì tí mo yìn ni bí wọ́n ṣe mú hùùù. Iná tó ń gbóná fáàfù lè jẹ́ èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí tíránsífọ́mà ń mú wá tààrà. Ó rọrùn, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n wáyà agbóná yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan kátóòdù, ohun tó bá sì jò láti ara rẹ̀, RIAA yóò gbé e sókè. Nínú Model 7, wọ́n kọ́kọ́ sọ iná náà di èyí tó ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo kó tó dé ìdí fáàfù. Owó ni èyí ná wọn, ààyè ló gbà, kò sì sí oníbàárà tó ń wo iwájú ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù tí yóò rí i. Mo ka ìpinnu yìí sí ohun tó ṣàfihàn ọkàn iṣẹ́ náà ju ojú wúrà àti bọ́tìnnì rẹ̀ tó dọ́gba lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìtò ìpele. Ìdajì 12AX7 kan ni à ń pè ní tírọ́ọ̀dù. Tírọ́ọ̀dù mẹ́ta ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní fún àwo orin: méjì ń sọ ohùn di púpọ̀, ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan di púpọ̀; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ru ẹrù. Wọ́n ń dá díẹ̀ lára ohùn tó jáde padà sí ìpele àkọ́kọ́, inú ìdápadà yìí ni wọ́n sì fi ìlànà RIAA sí. Ẹ fi wé Dynaco PAS-3 ti David Hafler, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1960 nítorí pé owó rẹ̀ kò ga. Hafler lo 12AX7 kan, tírọ́ọ̀dù méjì péré, fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ onílàákàyè ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ariwo rẹ̀ kò burú ju ti Marantz lọ púpọ̀, nítorí ìpele àkọ́kọ́ wọn jọra. Àmọ́ tírọ́ọ̀dù kejì rẹ̀ ló ń ru ẹrù ìdápadà, òun náà ló tún ń ti ohùn síwájú. Ti Marantz ní ẹni tó ń bá a ru ẹrù. Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń hàn ni ìgbà tí orin bá gbóná, tí ohun èlò pọ̀, tí ohùn òkè sì ga.

Ìdápadà yìí ní ohun tí kò lè ṣe, ó sì yẹ kí àwọn olùyìn rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó lè tún ohùn tó wọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò lè mú ìwọ̀n ariwo sí orin dára sí i. Ohun tó bá ti bá orin wọlé ní ìpele àkọ́kọ́ ti bá a wọlé nìyẹn. Agbára àtúnṣe rẹ̀ kò sì dọ́gba. Lókè, níbi tí a ti ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀, agbára púpọ̀ ló ṣẹ́ kù tó lè fi ṣàtúnṣe. Nísàlẹ̀, níbi tí a ti nílò ìlọ́po 1,000, tírọ́ọ̀dù méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo ohun tí wọ́n ní tán. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi máa ń rọ̀ ju ti ẹ̀rọ tiransísítọ̀ rere lọ. Ọ̀pọ̀ ń pe ìrọ̀rùn yẹn ní adùn. Mo gbà pé ó dùn létí, àmọ́ àìtó agbára náà wà nínú rẹ̀.

Kí wá ni a rí gbà dípò ṣíííì tí a fàyè gbà? Èkíní ni ààyè. Iná tó ń lọ sí fáàfù wọ̀nyí lé ní 200 fóòtì, nítorí náà ohùn lè gbòòrò gan-an kó tó kanlẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá kọlu hóró erùpẹ̀ tàbí ojú ibi tí àwo ti họ, ohun tó máa ń gùn wọlé lójijì lè ju orin fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tiransísítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ń jẹ iná tí kò ju 20 tàbí 30 fóòtì lọ. Irú ohùn òjijì bẹ́ẹ̀ máa ń kún ẹnu wọn, ìró tá á sì di gbàù. Ní Model 7, tá lásán ni, yóò sì kọjá. Ó tipa bẹ́ẹ̀ fi ṣíííì díẹ̀ tí kì í yí padà gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ ariwo òjijì, èyí tó ń da etí rú jù. Pàṣípààrọ̀ tó lérè nìyẹn.

Èkejì ni irú àṣìṣe tí tírọ́ọ̀dù ń ṣe. Nígbà tó bá wọ́ ohùn, ohùn ìlọ́po méjì ló ń fi kún un jù, ìyẹn ohùn kan náà ní ọ́kítéèfù kan sókè. Ó bá orin mu, etí sì máa ń kà á mọ́ ara ohun èlò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tó wà lójú àwo jáde láìsí àfikún kankan ní ẹ̀tọ́ láti kọ èyí. Èmi kì í kọ̀ ọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá kéré, ó sì kéré nínú ẹ̀rọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí àwo tiwa. Gbé àwo Haruna Ishola kan sórí giramafóònù, bóyá Òròkí Social Club tó jáde ní 1971. Agídìgbo wà nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, ohùn bàbá náà dúró ṣinṣin láàárín wọn. Àwo tuntun tí wọ́n tẹ̀ dáadáa ní ariwo ojú tirẹ̀, tó fi nǹkan bíi 60 dB tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí orin. Àwo tó ti lo 50 ọdún ní pálọ̀ láàárín eruku ń pariwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Model 7 tí fáàfù rẹ̀ dára, tó ń gba 5 mílífóòtì, ń fi ariwo tirẹ̀ sí nǹkan bíi 70 dB nísàlẹ̀ orin. Ìyẹn ni pé ojú àwo ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń ná owó rẹpẹtẹ láti fi 10 dB mìíràn kún un, nígbà tí kò tíì fọ àwo rẹ̀, ibi tí ẹ̀tẹ̀ wà kọ́ ló ń tọ́jú.

Ibi tí agbára Model 7 mọ nìyí: orí abẹ́rẹ́ onírú kejì, MC, èyí tí wáyà wíwé ń mì nínú rẹ̀. Denon DL-103 ti Japan, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ṣì ń tà títí dòní, kò mú ju nǹkan bíi 0.3 mílífóòtì wá. Tí ẹnikẹ́ni bá so ó tààrà mọ́ Model 7, ìyàtọ̀ orin àti ariwo yóò já wá sí nǹkan bíi 45 dB. Ṣíííì fáàfù yóò borí ariwo ojú àwo, pẹ̀lú bí RIAA ṣe rọ̀ ọ́ tó. Kò sí ọ̀rọ̀ adùn tó lè bo èyí mọ́lẹ̀: kò ṣiṣẹ́. Tíránsífọ́mà kékeré tó ń sọ ohùn di ìlọ́po 10 ni ojútùú rẹ̀. Ó ń dá 3 mílífóòtì padà láìfi ariwo púpọ̀ kún un, a sì tún gòkè dé nǹkan bíi 65 dB. Àmọ́ tíránsífọ́mà rere wọ́n, ó sì máa ń gba hùùù mọ́ra tí a bá gbé e sún mọ́ tíránsífọ́mà iná. Tiransísítọ̀ rere òde òní ń ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan. Ní ìhà yìí, tiransísítọ̀ ló borí.

Àbùkù méjì mìíràn kò gbọ́dọ̀ fara sin. Fáàfù máa ń gbọ́ ìró bí gbohùngbohùn. Bí sípíkà bá ń mi tábìlì tó wà lé lórí, ohun inú gíláàsì rẹ̀ á máa mì, á sì máa dún kíníín nínú orin. A kì í rí èyí nínú ìwọ̀n ariwo tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Bákan náà, ohun tó bá ti lé ní 60 ọdún ti darúgbó. Kapásítọ̀ ti ń jò, résísítọ̀ ti ń pariwo ju ti ìgbà tó jẹ́ tuntun lọ. Ẹni tó bá ń dá Model 7 lẹ́jọ́ lórí èyí tí a kò tíì tún ṣe, ọjọ́ orí ló ń dá lẹ́jọ́. Ẹni tó bá sì gbé e wá sílé láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ rántí pé 120 fóòtì àti 60 Hz ni wọ́n ṣe é fún. Kó wá tíránsífọ́mà tó dára ṣáájú.

Àpẹẹrẹ tó fi hàn pé ìtò yìí lágbára ni pé ó bímọ. EAR 834P, tí Tim de Paravicini, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Nàìjíríà, ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ṣì ń lo ECC83 mẹ́ta, tírọ́ọ̀dù mẹ́ta fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdápadà tó gbé RIAA sínú. Ẹni tó bá fẹ́ lo MC lè gba èyí tí tíránsífọ́mà wà nínú rẹ̀. Ó gba agbára àti àbùkù bàbá rẹ̀, ó sì fi ìrànlọ́wọ́ síbi tí bàbá ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìdájọ́ mi nìyí. Model 7 jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún orí abẹ́rẹ́ MM, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gba ṣíííì tí ìmọ̀ ẹ̀dá kò lè lé jáde nínú fáàfù, ó rí i dájú pé ó wà lábẹ́ ariwo ojú àwo, ó sì kọ hùùù tí owó àti sùúrù lè lé jáde. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn oníṣòwò tó ń sọ fún oníbàárà pé hùùù jẹ́ ara adùn fáàfù. Àbùkù ni. Ẹ má san owó fún un.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, yálà ti àtijọ́ tàbí tuntun, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbé ohùn sí ibi tí ẹ máa ń gbé e sí nílé, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè kúrò lórí àwo, ẹ padà sórí àga yín, ẹ tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé ìlà tó ṣáájú orin. Bí ariwo ojú àwo bá bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá, tí ẹ kò sì gbọ́ hùùù kankan, ẹ̀rọ náà yege. Bí ẹ bá gbọ́ hùùù, ẹ dá a padà, bó ti wù kí orúkọ tó wà lójú rẹ̀ lókìkí tó.